Ọgbà Ọkùnrin Tí Kò Kọ́ṣẹ́ Ọgbà

Kò sí iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kórìíra tó iṣẹ́ àdá. Bí ọmọ kan bá pẹ́ dé ilé-ìwé, àdá ni a ó nà sí i. Bí òmíràn bá pariwo ní kíláàsì, a ó ní kí ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, kí ó lọ gé koríko. Nípa báyìí, àwa olùkọ́ fúnra wa ni a kọ́ àwọn ọmọ wa pé ìyà ni iṣẹ́ ilẹ̀. Pé ẹni tí ó ṣẹ̀ ni í fi ọwọ́ kan igi àti koríko, ẹni tí ó sì mọ̀wé a máa jókòó sí abẹ́ ibòji. Mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín lónìí, ẹ̀yin ọmọ mi, tí yóò fi hàn yín pé àṣìṣe ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń kọ́ni ní ilé-ìwé kan ní Ìsìkàn, ní ìlú Akúrẹ́. Ọgbà òdòdó kan wà níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, irú òdòdó tí ewé rẹ̀ kéré tí ó sì le, tí ó máa ń pọ́n wẹ́wẹ́ ní orí ẹ̀ka, tí àwọn ọmọdé a sì máa já láti fa omi adùn inú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo mú ọmọkùnrin mẹ́rin láti kíláàsì kẹta, mo ní kí wọ́n gé ọgbà náà, kí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Nígbà tí mo padà dé, àwọn mẹ́ta ti gé tiwọn gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Ṣùgbọ́n ẹnì kẹrin, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, fi igun tirẹ̀ sílẹ̀ ní gíga. Ó ti yọ ogbe sí i lórí, ó ti yọ ìrù sí i lẹ́yìn, ó sì ti fá ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tí yóò rí i tí kò ní mọ̀ pé àkùkọ ni.

Inú bí mi. Mo ní, “Ṣé eré ni mo rán ọ wá ṣe níhìn-ín?”

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Bí mo ti ń gé e ni mo rí i pé ó fẹ́ jọ àkùkọ.”

Mo gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi bẹ́ àkùkọ náà lórí, mo gé ìrù rẹ̀ kúrò, mo sì mú igun náà tẹ́ bí ti àwọn yòókù. Mo wá ní kí ọmọ náà lọ kúnlẹ̀. Kò sọkún, kò sì bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, nígbàkígbà tí a bá rán an ní iṣẹ́ ọgbà, pẹrẹsẹ ni í gé e. Kì í wo ọ̀tún, kì í wo òsì, bẹ́ẹ̀ ni n kò tún rí i kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ dá àrà kankan mọ́ títí ó fi jáde.

Ó pẹ́ lẹ́yìn èyí kí n tó ka ìtàn ọkùnrin kan tí à ń pè ní Pearl Fryar, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fi gígé igi ní àwòrán sọ ara rẹ̀ di olókìkí. Bí mo ti ń kà á ni àkùkọ ọjọ́sí ń kọ ní etí mi. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwa Yorùbá mọ iṣẹ́ agbẹ́gilére dáadáa. Kò sí ọmọ Èkìtì tàbí Akúrẹ́ tí kò yẹ kí ó gbọ́ nípa Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ẹni tí ó kú ní ọdún 1938, tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n sì gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní ìlú London, ní ọdún 1924. Ṣùgbọ́n igi tí a ti bẹ́ lulẹ̀ ni agbẹ́gilére ń gbẹ́. Bí ó bá ti parí ère rẹ̀, ère náà kì í yí padà mọ́. Iṣẹ́ tí à ń wí yìí yàtọ̀, nítorí pé igi tútù ni a fi ń ṣe é, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀, tí ó ń mu omi, tí ó sì ń hu ewé. Ẹni tí ó ń ṣe é dà bí agbẹ́gilére, ó sì tún dà bí onígbàjámọ̀, nítorí pé orí tí ó fá lónìí yóò tún kún ní oṣù tí ń bọ̀.

Iṣẹ́ àtijọ́ ni. Àwọn ará Róòmù ti ń gé igi ní àwòrán láti nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọgbà kan wà ní ilé ńlá tí à ń pè ní Levens Hall, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ní ọdún 1694, tí wọ́n sì ń gé àwọn igi rẹ̀ títí di òní. Ní ìlú Tulcán ní orílẹ̀-èdè Ecuador, inú itẹ́ òkú ni ọkùnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1936. Ṣùgbọ́n ní ayé àtijọ́, àwọn ọlọ́lá ni ó ni ọ̀pọ̀ irú ọgbà bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó lágbára láti gba òṣìṣẹ́ púpọ̀. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ Pearl Fryar ṣe pàtàkì ni pé kò lọ́lá, kò ní òṣìṣẹ́, kò sì kọ́ iṣẹ́ náà ní ibikíbi.

Ọdún 1939 ni a bí i nítòsí ìlú Clinton, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ àwọn Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbẹ̀ tí ó ni ilẹ̀. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó ti ń dáko, tí wọ́n sì jọ ń pín irè oko náà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní apá ibẹ̀ lẹ́yìn tí oko ẹrú ti dópin. Fryar lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìlú Durham, ó ṣe iṣẹ́ ológun, a sì rán an lọ sí ilẹ̀ Korea. Lẹ́yìn náà ni ó di òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe agolo. Iṣẹ́ yìí ni ó gbé e dé Bishopville, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ní agbègbè tí a ti ń gbin òwú láti ayébáyé.

Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń wá ilé tí wọn yóò rà ní Bishopville, ọ̀rọ̀ kan dé etí wọn. Fryar fúnra rẹ̀ ni ó máa ń ròyìn rẹ̀. Àwọn kan ní àdúgbò tí wọ́n fojú sí ní àwọn kò fẹ́ wọn, nítorí pé àwọn aláwọ̀ dúdú kì í tọ́jú àgbàlá wọn. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọn kò tíì rí àgbàlá ọkùnrin yìí, wọ́n ti dá a lẹ́jọ́. Ẹlòmíràn ìbá fi ìbínú dáhùn. Ẹlòmíràn ìbá sì gbà pé bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Fryar ra ilẹ̀ sí ibòmíràn, ní ẹ̀yìn odi ìlú, ó sì pinnu pé àgbàlá òun ni yóò bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ̀rọ̀.

Ní Bishopville, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ òdòdó kan wà tí wọ́n máa ń yan àgbàlá tí ó dára jù lọ ní oṣooṣù, tí wọ́n sì máa ń fi àmì kan sí iwájú ilé bẹ́ẹ̀. Àmì yìí ni Fryar fojú sí. Ó lọ sí ibi tí a ti ń ta ọ̀gbìn, ó sì rí igi kan tí a gé ní róbótó-róbótó bí ẹni to bọ́ọ̀lù lé ara wọn. Ó béèrè bí a ti í ṣe é. Ẹni tí ó ni ibẹ̀ fi hàn án ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì fún un ní igi kékeré kan láti inú àwọn tí wọ́n fẹ́ dà nù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó rí gbà. Ohun yòókù, àwọn igi náà ni ó kọ́ ọ. Àwọn baba wa ní, bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Nítorí pé kò lówó púpọ̀, ibi tí àwọn olùta ọ̀gbìn ń da igi tí ó ti ń kú sí ni ó ti ń ṣa èyí tí ó pọ̀ jù nínú igi rẹ̀. Igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ, igi tí ó wọ́, igi tí kò sí ẹni tí yóò rà á, àwọn ni ó ń kó lọ sílé, tí ó ń gbìn, tí ó sì ń fi sùúrù tọ́jú títí wọn yóò fi jí padà. Wákàtí 12 ni ó ń lò nígbà mìíràn lẹ́nu iṣẹ́ agolo. Bí ó bá wá délé, tí ilẹ̀ sì ti ṣú, a gbé àkàbà rẹ̀, a tan iná sí orí igi, a sì máa gé e títí di òru. Àwọn ará àdúgbò a máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ nígbà tí àwọn bá ti fẹ́ sùn.

Ní ọdún 1985, wọ́n fún un ní àmì àgbàlá tí ó dára jù lọ nínú oṣù. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gbà á ní ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni ilé rẹ̀ kò sí nínú odi ìlú gan-an. Ó ti rí ohun tí ó ń wá, ó sì lè sinmi bí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kò sinmi. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ sì ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn wa rin ìrìn-àjò lọ sí ọgbà náà nísinsin yìí, bí ó ti rí nígbà tí ọwọ́ Fryar ṣì wà lórí rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù méjì, nítorí pé éékà mẹ́ta ni, igi inú rẹ̀ sì lé ní 300. Kò sí owó ìwọlé. Ẹni tí ó bá wù lè fi nǹkan sílẹ̀. Bí a bá wọlé, ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé kò sí igi kan tí ó jọ igi inú igbó. Ọ̀kan ga, ẹ̀ka rẹ̀ sì nà sí ọ̀tún àti òsì ní ìpele-ìpele, tí ó fi dà bí egungun ẹja tí a fi ìrù dúró ṣánṣán. Òmíràn lọ́ bí ejò tí ń gun òpó. Òmíràn ṣe kìrìbìtì, òmíràn ní igun mẹ́rin, òmíràn ní ihò láàárín tí ènìyàn fi lè rí ojú ọ̀run ní òdìkejì. Àwọn mìíràn kò jọ ohunkóhun tí a lè dárúkọ. Ńṣe ni wọ́n dà bí ohun tí ènìyàn rí lójú àlá, tí ó jí, tí kò sì lè ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Láàárín àwọn igi wọ̀nyí ni ó tò àwọn ère tí ó fi irin àlòkù àti àfọ́kù nǹkan ṣe.

Bí a bá rìn síwájú díẹ̀ sí i, a ó dé ibi tí ó gbẹ́ lẹ́tà ńláńlá sínú ilẹ̀, tí ó fi wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ Ìfẹ́, Àlàáfíà àti Inú Rere. Èyí ni èsì tí ó fọ̀ fún àwọn tí ó wí pé ẹ̀yà rẹ̀ kì í tọ́jú àgbàlá. Kò bú wọn, kò sì dárúkọ wọn. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọgbà rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, funfun àti dúdú, ọmọdé àti àgbà, kí wọ́n wọlé wá wò ó.

Ẹ ó bi mí pé, báwo ni igi ṣe ń gbà kí a sọ ọ́ di egungun ẹja? Iṣẹ́ òye ni, kì í ṣe idán. Ní ṣóńṣó orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ọ̀mùnú kan wà tí ó ń ṣáájú àwọn yòókù. Oje kan máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti ara ọ̀mùnú yìí, tí kì í jẹ́ kí àwọn ojú tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀ka náà rú. Bí a bá gé orí ẹ̀ka náà, oje yìí dáwọ́ dúró, àwọn ojú ìsàlẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bóyá méjì, bóyá mẹ́ta. Bí a bá tún gé àwọn wọ̀nyí, òmíràn yóò yọ. Báyìí ni ẹ̀ka kan ṣe ń di ogún, tí ara igi a sì máa dì títí ojú kò fi ní í lè rí inú rẹ̀. Nítorí náà, igi tí ewé rẹ̀ kéré, tí kì í wọ́wé, tí ó sì máa ń rú kíákíá bí a bá gé e, ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Igi eléwé ńlá bí ẹ̀gẹ́ tàbí ìbẹ́pẹ kò lè gba àwòrán.

Òfin kejì ni ti ìmọ́lẹ̀. Ewé ni í fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ fún igi. Bí a bá jẹ́ kí òkè igi fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, òjìji òkè yóò bo ìsàlẹ̀, ewé ìsàlẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì rẹ̀ dànù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọgbà ilé-ìwé wa fi ní ewé lórí, tí ẹsẹ̀ wọn sì dà bí igi ìdáná. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gé a jẹ́ kí ìsàlẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju òkè lọ. Bí ó bá sì jẹ́ àwòrán tí òkè rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi ni ó fẹ́, a ṣí àyè sílẹ̀ láàárín ìpele kan àti èkejì kí oòrùn lè wọlé.

Òfin kẹta ni ti ẹsẹ̀ igi. Fryar kò fún igi rẹ̀ ní ajílẹ̀ olóògùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í fín oògùn kòkòrò sí wọn. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí igi kọ̀ọ̀kan ká, ó sì kó ewé páìnì gbígbẹ sínú rẹ̀ àti sí ẹsẹ̀ igi náà. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró níbẹ̀. Bí oòrùn bá mú, ewé gbígbẹ náà kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ. Bí ó bá sì jẹrà, ó di oúnjẹ fún gbòǹgbò. Ǹjẹ́ èyí ṣe àjèjì sí wa? Rárá o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ ìlú yín ìdí tí ó fi ń kó koríko gbígbẹ lé orí ebè iṣu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun kan náà ni.

Òfin kẹrin, tí í ṣe olórí gbogbo wọn, ni sùúrù. A kì í gé igi di ẹyẹ ní ọjọ́ kan. Bí a bá gé e jù lẹ́ẹ̀kan náà, ewé tí yóò se oúnjẹ fún un kò ní kù, yóò sì kú. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń tọ́ ẹ̀ka sí ibi tí a fẹ́, nígbà tí ó ṣì rọ̀. Àwa náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti kékeré ni a ti í pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àwòrán mìíràn nínú ọgbà Fryar gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó hàn sí ojú ẹlòmíràn. Òun nìkan ni ó ti rí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi iwájú ilé wọn ní àwòrán. A gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí iwájú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìpínlẹ̀ náà ní ìlú Columbia. Ní ọdún 2006, wọ́n ṣe fíìmù kan nípa rẹ̀ tí a pè ní A Man Named Pearl, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí Bishopville nítorí rẹ̀. Ìlú kékeré tí ó fẹ́ kọ̀ ọ́ ni ó wá di olókìkí nípasẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn olórí kíláàsì nìkan ni ó máa ń wò. Ó fẹ́ràn láti mú ọkàn àwọn ọmọ tí máàkì wọn kò ga le, pé ẹ̀bùn tiwọn wà níbì kan. Ẹni tí ó ti gbé igi dúró láti orí ààtàn mọ ohun tí ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ tàn yín jẹ. Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kì í parí láé. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, tí ara Fryar kò sì le mọ́, tí kò lè gun àkàbà bí ti àtẹ̀yìnwá, àwọn igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ìwà igbó. Egungun ẹja sanra, ihò dí, igi mìíràn sì kú. Ère Ọlọ́wẹ̀ kò yí padà lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n ère igi tútù kò lè pẹ́ lẹ́yìn ọwọ́ tí ń gé e. Ní ọdún 2021, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Mike Gibson, tí òun náà ń gé igi ní àwòrán, tí ó sì ti ń wo iṣẹ́ Fryar bí àwòkọ́ṣe, wá sí Bishopville láti tún ọgbà náà ṣe. Fáńtẹ̀ẹ́ ni ìyókù, bí kò bá sí ẹni tí yóò gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà láyé.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà nínú èyí fún àwa tí a wà ní Ìsìkàn? N kò sọ pé kí ẹ pa ìwé tì. Fryar pàápàá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ohun tí mo ń wí ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ẹ bá ń lọ sí ọjà Ìsìkàn láti ilé yín, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà tí ẹ gbà kọ́ ni ẹlòmíràn gbà, síbẹ̀ ẹ jọ ń pàdé nídìí ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ̀ rí. Èyí tí olùkọ́ kọ́ ni wà, èyí tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ wò tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán wò sì wà. Nítorí pé Fryar kò ka ìwé tí ó sọ ohun tí igi kò lè ṣe, ó dán ọ̀pọ̀ nǹkan wò tí àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ náà kì bá tí dán wò.

A kò nílò igi òkèèrè láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa ti ń fi pèrègún àti lápálápá ṣe ọgbà láti ìgbà láéláé, nítorí pé wọ́n mọ igi tí a lè gé ní ẹ̀ka kí a sì rì í mọ́lẹ̀ kí ó tún hù. Àwọn òdòdó eléwé wẹ́wẹ́ tí ó wà níwájú ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì wa yóò gba àwòrán bí a bá ní sùúrù fún wọn. Àkókò òjò ni ó yẹ kí a gbìn wọ́n, kí gbòǹgbò wọn tó fìdí múlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa kì í ṣe igi, kì í sì í ṣe àdá. Ẹni tí yóò jẹ́ kí ọmọ fi àdá náà dá àrà ni ó ṣọ̀wọ́n.

Láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn yìí ni n kò tún fi iṣẹ́ ọgbà jẹ ọmọ kankan níyà mọ́. Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá pé, mo máa ń pín ọgbà náà fún wọn ní igun-igun, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àyàfi igun tí ó bá kángun sí ẹnu ọ̀nà. Igun yẹn, kí ẹni tí ó bá rí nǹkan nínú rẹ̀ gé e bí ó ti rí i. Títí di ìsinsin yìí, a ti ní ìjàpá kan, a ti ní ìlù kan, a sì ti ní ohun kan tí ẹni tí ó gé e wí pé erin ni, tí àwọn yòókù sì ń pè ní ìkòkò.

N kò mọ ibi tí ọmọ alákùkọ wà lónìí. Ó ti dàgbà, ó sì lè ti ní ọmọ tirẹ̀ ní ilé-ìwé. Bí ìwé yìí bá bọ́ sí i lọ́wọ́, mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé olùkọ́ rẹ̀ ṣì rántí àkùkọ náà, ogbe rẹ̀ àti ìrù rẹ̀, àti pé ó dára.